Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ àti Abọ́ Ike Olómorí

Agbálẹ̀ ilé-iṣẹ́ omi ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà dé ìsọ̀ Ìyá Oníke. Kò tilẹ̀ kí i tán. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, ó ní:

"Ìyá Oníke, ẹ gbọ́! Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ ti sọ̀ kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwòrán ara rẹ̀ láti òkè kẹta wá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a gbé e."

"Àwòrán wo? Èyí tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ yẹn?"

"Òun ni! Ó há mọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì. A kàn ń wò ó ni."

"Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́?"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o."

Ìyá Oníke kò rẹ́rìn-ín. Bókẹ́ẹ̀tì pupa ló ń tì bọnú ara wọn. Ó ti mẹ́rin sí i kó tó la ẹnu.

"Owó mi ńkọ́?"

Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ẹbí ọkọ kó tẹlifíṣọ̀n lọ kí wọ́n tó sunkún tán, kì í fi ẹnu ṣòfò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin lowó náà. Owó tó fẹ́ fi kó ọjà ni. Oṣù mẹ́rin rèé tí ó ti wọ ilé-iṣẹ́ omi, kò sì jáde. Bí owó ṣe wọ ibẹ̀, àti bí ọ̀gá ńlá ṣe di ẹni tó ń ru àwòrán ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ fa àpótí mọ́ra kí ẹ gbọ́ ọ.

Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ kọ́ lorúkọ tó wà nínú ìwé. Èyí tó wà nínú ìwé gùn: Olùdarí Àgbà, Alábòójútó Gbogbo Ẹ̀rọ Omi, Atọ́nà Àwọn Ọ̀dọ́, Òpó Ìdàgbàsókè, Ẹni Àkọ́kọ́ Láàárín Àwọn Ẹni Àkọ́kọ́. Bí ó bá fẹ́ kọ lẹ́tà, orúkọ á gba ojú ìwé kan, ọ̀rọ̀ á gba ìlà méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Àtẹ́wọ́, nítorí kì í jókòó nípàdé àfi bí àtẹ́wọ́ bá tó o. Akọ̀wé rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún gan-an nìyẹn, ìwé kíkọ kàn jẹ́ ènì. Àtẹ́lẹwọ́ akọ̀wé ti yi bí ọwọ́ ẹni tó ń la igi.

Àbúrò Ìyá Oníke, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Alátùnṣe ni gbogbo wọn ń pè é. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó fara ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibẹ̀ ni sáfà mẹ́ta wà. Ẹni tí kò bá mọ sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá ni, tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ilé-iṣẹ́, bí ìyá àgbà tó mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó san ní gbogbo àdúgbò. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ láìsinmi. Alátùnṣe mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń kùn, ọ̀kan ń súfèé. Ẹ̀kẹta, tí àkọsílẹ̀ owó omi gbogbo ìlú àti owó oṣù òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀ tó ń kọ ohun kan náà, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá ṣubú. Ọ̀kan ti ṣubú ná. Èyí tó kù ló ń wúkọ́ yẹn.

Alátùnṣe kọ lẹ́tà sókè. Ó kọ mẹ́fà. Ó ní ooru pọ̀ nínú yàrá, ó ní ẹ̀rọ ti darúgbó. Èsì tó rí gbà ni pé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì gbé àkàbà wọlé, wọ́n yọ ẹ̀rọ amúlétutù yàrá náà, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àtẹ́wọ́. Méjì ni Ọ̀gá ní tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló bàjẹ́. Alátùnṣe sáré gòkè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ooru máa pa àwọn ẹ̀rọ yẹn."

Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ rọra yíjú sí i. "Alátùnṣe. Láàárín èmi àti ẹ̀rọ, ta ló ń làágùn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ṣé o ti rí ẹ̀rọ tó ń fi áńkáṣífì nu iwájú orí rí?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, ẹni tó ń làágùn ló ni atẹ́gùn."

Akọ̀wé da àtẹ́wọ́ bolẹ̀. "Ọ̀gá! Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀! Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò gbọdọ̀ sọnù!"

Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Inú sáfà tó ń wúkọ́ ló kọ ọ́ sí.

Alátùnṣe gbé fáànù ilé rẹ̀ wá. Ìyàwó rẹ̀ bínú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ fún wọn lówó: owó sáfà tuntun, àti owó díìsìkì tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn lọ. Sáfà tuntun dé. Owó díìsìkì di àga. Àga náà ga débi pé wọ́n kan pákó ìtẹ̀sẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, bí Ọ̀gá bá sì jókòó tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jù fìrì-fìrì bí ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí káńtà. Sáfà tuntun fúnra rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá nínú yàrá àlejò Ọ̀gá, wọ́n fi aṣọ léèsì bò ó, àlejò tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí Ọ̀gá kú ìnáwó rẹ̀. Owó tí kì í ṣe tiẹ̀ o! Mo ti rí oníbàárà tó ń fi ọjà àwìn ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n kì í ní kí n wá kí òun.

Nígbà tí léèsì náà dọ̀tí, wọ́n pe ìpàdé lórí bí wọ́n ṣe máa kó àkọsílẹ̀ wọnú sáfà tuntun.

Alátùnṣe dìde. "Ọ̀gá, bí ilé bá ń jó, aláìsàn la máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ owó omi àti owó oṣù. Ẹ̀rọ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kò ní pẹ́ kú."

"Ilé tuntun ni à ń kó lọ, àbí ilé àtijọ́?"

"Ilé tuntun ni, sà."

"Ta ló máa ń kọ́kọ́ wọ ilé tuntun? Ṣé onílé ni, àbí ẹni tó ń ru ẹrù?"

Kí Alátùnṣe tó fèsì, akọ̀wé ti gbà á sọ. "Onílé ni, Ọ̀gá! Onílé náà ni!"

"Ó parí. Bí ipò bá ṣe rí la ó ṣe kó o. Tèmi á ṣáájú. Ti igbákejì mi á tẹ̀ lé e. Ti owó omi àti owó oṣù àwọn kéékèèké, ẹ̀yìn ni."

"Ọ̀gá, fáìlì owó ìfẹ̀yìntì tiyín náà wà láàárín ti àwọn kéékèèké yẹn o."

"Má dà mí pọ̀ mọ́ èrò ẹ̀yìn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn fún mi. Ẹ fi í sápò.

Kí ni fáìlì Ọ̀gá? Ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ àsọyé lé méjìlá ni, fídíò ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó dín ní wákàtí méjì. Ọ̀kan wà tó ti ń ṣí ẹ̀rọ omi tuntun, tí omi kò sì yọ, tó wá fi wákàtí kan dúpẹ́ lọ́wọ́ omi. Ọ̀kan wà tó kàn ń gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ ìbí mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, ti ọdún kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ ní ti àkọ́kọ́. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Alátùnṣe fi kó wọn wọnú sáfà tuntun. Nígbà tó parí, sáfà ti yó dé ọ̀nà ọ̀fun. Kò sí àyè fún igbákejì. Ti owó omi, ẹ má tilẹ̀ sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló wá sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá yáwó."

"Ta ló kú?"

"Kò tíì kú. Ó ń wúkọ́ ni."

"Ìyàwó ẹ?"

"Díìsìkì."

Ìyá Oníke wò ó bí ẹni tó ń wo oníbàárà tó ná gbogbo ọjà tí kò ra ṣíbí. "Ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn kò lówó, èmi tí mò ń ta ike ni mo lówó?"

"Wọ́n lówó. Wọ́n ti fi ra àga."

"Jẹ́ kó kú nígbà náà. Ṣé ìwọ lo bí i?"

"Bó bá kú, ẹ̀rí pé ẹ ti sanwó omi ọdún yìí bá a lọ. Ẹ máa tún un san ni. Gbogbo àdúgbò ló máa tún un san."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka owó jáde, ó sì dì í mú kí àbúrò rẹ̀ tó gbà á. "Gbọ́ o. Èmi àti ìwọ ní ìyá, owó kò ní ìyá. Bí o kò bá dá a padà, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́, máa pè mí ní Màdáámù." Ó wá fa abọ́ ike olómorí kan yọ. "Kó o sínú èyí, kí ekuru má wọ̀ ọ́. Owó abọ́ wà nínú ẹ̀ o. Mi ò tọrẹ."

Díìsìkì tuntun méjì ni Alátùnṣe rà. Ó jókòó ti sáfà tó ń wúkọ́ yẹn fún ọjọ́ mẹ́jọ. Bí ó bá kó o dé ibi tó ti dùn ún, á fò ó, á kó ibi tó rọrùn, á padà wá síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì tutù. Ibi tí kò gbà lẹ́ẹ̀kan, á bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ohun kan ṣoṣo ló ṣọ́ra fún: kò pa á. Ẹ̀rọ tó ti ń yí fún ọdún mẹ́rìnlá, bí a bá dá a dúró, ó lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbéra. Ó lẹ ìwé mọ́ ọn níwájú: Ẹ MÁ PA Á. Lọ́jọ́ kẹjọ, gbogbo rẹ̀ pé lórí díìsìkì, ilé kan kò dín.

Ó kọ rìsíìtì ohun tó ná, ó fi ránṣẹ́ sókè kí wọ́n san án. Rìsíìtì padà wá: orúkọ Ọ̀gá kò ní oyè. Ó kọ oyè sí i. Ó padà wá: Òpó Ìdàgbàsókè ṣáájú Atọ́nà Àwọn Ọ̀dọ́, àrífín ni. Ó tún un tò. Ó padà wá: oyè kò gba orí ìlà, ó ya bọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi Ọ̀gá sí? Ìgbà kẹrin, Ọ̀gá ránṣẹ́ pé òun á buwọ́ lù ú lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí rìsíìtì tó gba òun. Báyìí ni oṣù kan di mẹ́rin. Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ sáfà tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ jáde: "Ohunkóhun tí ìbuwọ́lù mi kò sí lórí rìsíìtì rẹ̀ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ yìí. Kó jáde kúrò nínú ọgbà kí àlejò tó dé."

Alátùnṣe kì í ṣe aláìgbọràn. Ó fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti díìsìkì méjèèjì pa kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i, ó kó wọn sínú abọ́, ó gbé e lọ sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ìlú."

"Ó fúyẹ́," ni Ìyá Oníke wí. Ó sún un sábẹ́ káńtà, ó fi báàfù dé e mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n ta àgọ́ sí ọgbà, wọ́n gbé àga gíga náà sọ̀ kalẹ̀ wá sórí pèpéle, wọ́n sì so wáyà gígùn kan mọ́ àwọn sáfà ìsàlẹ̀. Ní ìparí wáyà náà ni wọ́n so ọ̀pá pupa kan mọ́. Ọ̀gá á fa ọ̀pá, àwọn àgbà ẹ̀rọ á kú, ayé tuntun á bẹ̀rẹ̀. Màmá Alága, obìnrin tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀, jókòó níwájú, ó gbé báàgì lé itan. Kò pàtẹ́wọ́ látàárọ̀. Àwọn ènìyàn rò pé nítorí báàgì ni.

Alátùnṣe rọra gun orí pèpéle. "Ọ̀gá, ẹ forí jì mí, ẹ má pa á. Bẹ́ ẹ bá pa á, kò ní jí mọ́."

"Ta ní kó jí?" Ọ̀gá gbá a sẹ́yìn, ó kọjú sí èrò. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Àwọn kan bí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ló bí àwọn kan, ṣùgbọ́n èmi, mo wo ẹ̀rọ lójú, ẹ̀rọ wolẹ̀! Nígbà tí mo dé ilé-iṣẹ́ yìí, omi pàápàá kò mọ ibi tó ń lọ! Èmi ni mo fi ọ̀nà hàn án!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ó fa ọ̀pá. Nísàlẹ̀, ìkùn dákẹ́, ìsúfèé dákẹ́, ikọ́ dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ọdún mẹ́rìnlá tí yàrá yẹn dákẹ́ rọ́rọ́. Àtẹ́wọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, àfi Alátùnṣe.

Màmá Alága na ìka kan sókè. "Olùdarí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi wo ilé tèmi nínú sáfà tuntun yẹn. Mo sanwó omi lóṣù tó kọjá."

"Wéré báyìí, Màmá!"

Akọ̀wé tẹ orúkọ òpópónà. Ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lórí pèpéle tàn: Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ ń gun àtẹ̀gùn. Ó tẹ nọ́ńbà ilé. Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ ń gé kéèkì. Ó tẹ "owó omi". Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ dúró ti ẹ̀rọ omi tó gbẹ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ omi.

"Mo rí yín, Olùdarí," ni Màmá Alága wí. "Èmi ni mi ò rí ara mi."

Gbogbo wọn rọ́ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Alátùnṣe tan sáfà kẹta. Ó dún kò, kò, kò, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò níbẹ̀. Ó dákẹ́. Alátùnṣe tún un tàn. Kò. Kò.

Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ ti gbogbo ènìyàn sẹ́yìn, ó sì nàka sí ẹ̀rọ. "Èmi, Olùdarí Àgbà, Alábòójútó Gbogbo Ẹ̀rọ Omi, Atọ́nà Àwọn Ọ̀dọ́, mo pàṣẹ fún ọ: gbéra!"

Ẹ̀rọ kò mọ oyè.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un," ni Ọ̀gá wí. Ẹ̀yin náà rò pé mò ń parọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́! Àgbààgbà tí wọ́n wọ kóòtù, nínú yàrá tó fara ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àpótí irin. Ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ooru pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Màmá Alága ka ìwé tí Alátùnṣe lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ MÁ PA Á. "Ta ló wá ní kí wọ́n pa á?"

Àtẹ́wọ́ dá. Ọwọ́ akọ̀wé méjèèjì ṣì wà lókè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rọra fi ọ̀kan nínú wọn nàka sí Ọ̀gá rẹ̀.

"Ṣé kò sí ẹ̀dà ni?" ni Màmá bi Alátùnṣe.

"Ó wà, mà. Ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wà, nínú abọ́ ike."

"Abọ́ ike!" Ọ̀gá bú sí i. "Àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ mi, lábẹ́ káńtà oníke! Olè ni! Ẹ mú un!"

Alátùnṣe kò jiyàn. Ó na ìwé ìkìlọ̀ sí Màmá, ó na rìsíìtì mẹ́rin tẹ̀ lé e. Màmá Alága wọ awò ojú, ó kà wọ́n tán, ó bọ́ awò ojú.

"Níbi tí ẹ kọ ọ́ sí yìí, Olùdarí, díìsìkì yẹn kì í ṣe tiwa. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Owó díìsìkì tí a fún yín dà?"

Láti ojú fèrèsé yàrá náà, èèyàn lè rí pèpéle nínú ọgbà, àga ńlá náà sì dá jókòó sórí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, akọ̀wé gbé lẹ́tà wá fún Ìyá Oníke pé kó kó díìsìkì sílẹ̀ kíá.

"Mi ò kàwé púpọ̀. Kà á fún mi."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ láti orí oyè. Kí ó tó ka oyè tán, Ìyá Oníke ti ta bókẹ́ẹ̀tì méjì àti ìkòkò ìtọ̀ ọmọdé kan.

"Ó ti tó," ó ní. "Lọ sọ fún un: ọjà tí a kò tíì sanwó rẹ̀, ti ọlọ́jà ni. Ẹnu kì í sanwó ọjà."

Màmá Alága náà gbọ́ èsì yìí, ó sì ní obìnrin yẹn ló yẹ kó jókòó sórí àga náà. Ìgbìmọ̀ ní kí Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ máa lọ ilé, ẹni tó sì jẹ owó díìsìkì, kó fi owó ara rẹ̀ san gbèsè oníke. Ọ̀gá ní kò burú, kí wọ́n ṣáà fún òun ní owó ìfẹ̀yìntì òun. Wọ́n wá fáìlì rẹ̀ nínú sáfà tuntun. Wọ́n rí ẹgbẹ̀ta àsọyé lé méjìlá. Fáìlì owó ìfẹ̀yìntì, ẹ wo àpò yín, mo ní kí ẹ fi í síbẹ̀: àárín èrò ẹ̀yìn ló wà, lábẹ́ káńtà, nínú abọ́ ike.

Bí ó ṣe di ẹni tó ń ru àwòrán nìyẹn. Agbálẹ̀ kò tíì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ kúrò lára ògiri nígbà tí Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ alára yọ sí ẹnu ìsọ̀. Ó gbé àwòrán ti òpó iná. Alátùnṣe wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ ló ní kó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá Àtẹ́wọ́ tún ọrùn aṣọ ṣe. "Ẹ̀yin obìnrin rere, ọjọ́ ńlá ni òní nínú ìtàn ọrọ̀ ajé—"

"Ẹ jókòó," ni Ìyá Oníke wí. Ó dojú bókẹ́ẹ̀tì kan délẹ̀ fún un.

Ó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ó yọ owó. Ìyá Oníke kà á. Ó tún un kà. Ó fa ọ̀kan tó ti ya yọ, ó ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá Oníke kà á lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí ó wù ú.

"Mo fẹ́ rìsíìtì," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìgbìmọ̀ máa béèrè."

Ìyá Oníke fa ìwé rìsíìtì rẹ̀ jáde. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ṣí ìdérí bírò. "Kí ni kí n kọ sí i? Ta ló sanwó?"

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó wo ìwé náà. Ó wo bí ìlà rẹ̀ ṣe kúrú tó. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Ẹ kọ ohun tó bá gbà."

Ìyá Oníke tẹrí ba, ó ń fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Ó pẹ́. Agbálẹ̀ na ọrùn wò ó láti èjìká rẹ̀. Ohun tó kọ ni: *Mo gba owó mi lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Ó pé.*

Ó ya á, ó fún un. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ṣí báàfù, ó fa abọ́ olómorí náà yọ, ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Gba ìlú ẹ," ó ní. "Mo ti ka owó abọ́ mọ́ ọn."